Oní-Sálúbàtà-Kan àti Ọ̀nà Òkè Adádì

Ọjọ́ tí àfonífojì Tinsálì ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ ni gbogbo ìlú wa nínú aṣálẹ̀ yìí mọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ bàbá kan tó ń fi ọ̀nà han àlejò, nítorí náà ibẹ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àlejò Faransé kan, tọkùnrin tobìnrin, ló kó sẹ́yìn ara rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n fẹsẹ̀ rin inú àfonífojì já sí ẹ̀yìn òkè Adádì. Òun ló ń lọ níwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, láwàní aláró bo ẹnu rẹ̀, ó ń júwe òkúta kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fi ẹbí rẹ̀ han àna. Bísíkà, ọmọ arákùnrin ìyá rẹ̀, ló ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹrù bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí oòrùn kàn wọ́n lórí, ọ̀nà tán. Àpáta ló dúró gbagidi níwájú wọn, ó ga, ó pupa, kò ní ojú ihò kan.

Bàbá náà wo àpáta láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó fi ọ̀pá kàn án nígbá àyà.

"Ìwọ yìí," ó wí, "o ò sí níbí lánàá."

"A ti kọjá ibi tó yẹ ká ti yà," ni Bísíkà ké láti ẹ̀yìn. "Nídìí igi ẹlẹ́gùn-ún yẹn ni. Mo rí i, mo ṣebí ìwọ náà rí i ni."

"Igi tó ṣìnà lo fẹ́ kí n tẹ̀ lé?"

"Ta ló ṣìnà, igi àbí ìwọ?"

"Bísíkà, má dójú tì mí níwájú àlejò."

Ó wá yíjú sí àwọn àlejò, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa aláìsàn. Ó ní àfonífojì yìí máa ń ṣí nípò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má fòyà, tí wọ́n bá fún un láyè yóò padà. Ó jókòó sí abẹ́ òjìji, ó dá iná, ó gbé bútà tíì kaná. Wọ́n mu ife kìíní, wọ́n mu ìkejì, wọ́n mu ìkẹta tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ ju ewé tíì lọ. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn nù lára, ó gbóòórùn afẹ́fẹ́. "Ó ti padà," ó wí. Ó kó wọn padà sí ìdí igi ẹlẹ́gùn-ún, ó yà sósì, ọ̀nà sì là gbaragada. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan nínú wọn bi í pé ìgbà mélòó ni àfonífojì náà máa ń ṣí lọ́dún.

"Ìgbàkígbà tí òùngbẹ tíì bá ń gbẹ mí ni, ìyá," ni ó dá a lóhùn.

Ẹ ó ti rí i pé mi ò dárúkọ rẹ̀. Mi ò sì ní dá a. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í pe orúkọ òkú. Tí ó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó lè dìde pé òun ń padà bọ̀, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn, a kì í sì da ẹni tó ń sinmi láàmú. Oní-Sálúbàtà-Kan ni tàgbà tèwe ń pè é. Ó ti ń jẹ́ ẹ láti ìgbà tó wà láyé, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun àti Bísíkà yà yín lẹ́nu o. Ìwọ àti ọmọ arákùnrin ìyá rẹ, èébú ni ìkíni yín ní ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá bínú nínú yín ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí ti sọ ọ́ di iṣẹ́. Bísíkà lè pè é ní òpùrọ́ láàárọ̀ kó tó bọ́jú, òun náà á pe Bísíkà ní ọmọ ràkúnmí tó gbàgbé ìdodo rẹ̀. Ohun tó sì jẹ́ kó dùn-ún gbọ́ ni pé Bísíkà kì í parọ́ rárá. Kò mọ̀ ọ́n pa. Tí ẹ bá bi í bóyá ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ dùn, òótọ́ ni yóò sọ, ìdí nìyẹn tí ọkùnrin náà fi máa ń dáná oúnjẹ ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Oní-Sálúbàtà-Kan ní tirẹ̀ lè parọ́ fún ènìyàn láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kì í parọ́ fún ẹran. Ó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, abo, arúgbó kan báyìí tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń gun ọ̀nà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sórí òkè, ibi tí òkúta ti ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, ni Ìyá Àgbà bá jókòó. Ó jókòó ni o, bí ìyá ìyàwó. Oní-Sálúbàtà-Kan lóṣòó níwájú rẹ̀, ojú kojú.

"Kí lo fẹ́?" ó bi í.

"Pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ," ni Bísíkà wí.

"Ṣé pàṣán ló ń gbé ìwọ gòkè?" Ó tún yíjú sí ẹran. "Ó dáa. Gbé ẹrù yìí dé òkè, èmi ni n óò rù ú sọ̀kalẹ̀. Ṣé a gbọ́ ara wa yé?"

Bóyá ọ̀rọ̀ náà ló wọ̀ ọ́ létí ni o, bóyá ìdí ló ń ta á, Ìyá Àgbà dìde ó sì gòkè. Nígbà tí iṣẹ́ parí tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, ẹ ò bá rí bàbá yìí! Àpò ìyẹ̀fun lẹ́yìn, ìkòkò lọ́rùn, agbè omi méjì léjìká, òógùn ń ro tótótó. Ìyá Àgbà ń bọ̀ lẹ́yìn lófìfo, ó ń dúró já koríko jẹ. Bísíkà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Sọ ẹrù yẹn kalẹ̀, jàre. Ta ló máa mọ̀ tí o bá yẹ àdéhùn?"

"Òun," ni ó wí, ó sì fi àgbọ̀n júwe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ọ̀rọ̀ sálúbàtà wá ńkọ́? Irùngbọ̀n òun àti Bísíkà ṣì dúdú nígbà náà. Ó wá ewúrẹ́ kan tó sọnù lọ, òun nìkan, ó sì wọlé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú sálúbàtà kan lẹ́sẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì bó, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ya yánnayànna. Gbogbo ilé tú jáde. Ó ní òun ti rí ọ̀nà. Ó ní láti etí omi tó wà nísàlẹ̀ Tinsálì, pàlàpálá kan wà nínú àpáta tó gòkè tààrà dé ṣóńṣó òkè Adádì, pé òun gùn ún kí tíì tó hó, ibi tí gbogbo ayé ń fi odidi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ yí ká.

"Sálúbàtà rẹ dà?" ni Bísíkà bi í.

"Àwọn ará inú àpáta gbà á. Wọ́n ní ẹni tó bá gba ọ̀nà àwọn, kó fi nǹkan sílẹ̀."

"Ìdí ṣòkòtò rẹ ńkọ́? Ẹni tó ń gun òkè, kí ni ìdí rẹ̀ wá dé ara àpáta?"

"Ibi tí mo jókòó sinmi ni."

Bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sálúbàtà òsì tó kù, kò jù ú nù. Ó fi kọ́ sí òpó àgọ́ rẹ̀, ó ń fi han àlejò bí ẹni fi àpá ogun hàn. Àwọn ọ̀dọ́ lọ sí etí omi láti gun pàlàpálá náà, gbogbo wọn ló bó lórúnkún padà wálé. "Ọ̀nà ò burú," ó máa ń wí fún wọn, "ẹsẹ̀ yín ni ò gbọ́n." Wọ́n ní kó wá fi hàn wọ́n. Ó ní ọ̀nà kì í ṣe ẹja díndín tí a ń gbé kiri.

Ní ọjọ́ kan ni Bísíkà búra níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní tí ọ̀nà yẹn bá wà, òun ni yóò máa bu tíì fún un títí ayé òun. Ẹnì kejì náà ní tí kò bá sí, òun ni yóò máa bu tiẹ̀. Ó parí! Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bu tíì fún èkejì ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ní ilẹ̀ wa, bútà kan ní ń bẹ lórí iná, ẹnì kan ní ń bu ú fún gbogbo àgbájọ. Àmọ́ lórí iná tiwọn, bútà méjì ní ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àgbàlagbà méjì jókòó tì í, kálukú ń bu tirẹ̀ fún ara rẹ̀, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n sì ń yá ara wọn ní ṣúgà.

Ṣé Bísíkà ò lè lọ wò ó ni? Ó lè lọ. Nígbà tí a bá bi í, á ní òun ò lè rin ìrìn àjò lọ wo ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò rí bẹ́ẹ̀. Tí ó bá lọ, tí ó sì rí òótọ́, ìjà tán. Kí ni yóò wá máa jí sọ láàárọ̀?

Nígbà òtútù tó kọjá ni ikọ́ mú Oní-Sálúbàtà-Kan. Òun tí òkè kò pa, tí òùngbẹ kò pa, orí ẹní ló dùbúlẹ̀ sí, ó ń ráhùn pé Ìyá Àgbà yóò pẹ́ láyé ju òun lọ. Ojoojúmọ́ ni Bísíkà ń wá. Á dá iná, á gbé bútà méjèèjì kaná. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò lágbára láti gbé bútà mọ́. Tákámàtì, ọmọbìnrin rẹ̀, fẹ́ bu ú fún un, bàbá rẹ̀ ní rárá, ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì ni. Bísíkà nawọ́ sí bútà náà.

"Ṣé o ti gbà pé ọ̀nà wà?" ni aláìsàn bi í.

"Mi ò gbà."

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀ nígbà náà."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ètè rẹ ti gbẹ. Mu tíì."

"Parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Bísíkà. Ní ọ̀nà wà."

"Mi ò mọ irọ́ pa. O mọ̀."

"Mo mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì dá ẹ̀rín náà dúró. "Láti kékeré ni mo ti ń bá ọ pa ìpín irọ́ tìrẹ mọ́ tèmi. Ṣé o rò pé kò sú mi ni?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti lọ. Kò mu tíì lọ́wọ́ Bísíkà. Wọ́n sin ín, wọ́n to òkúta sí orí rẹ̀ àti sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bísíkà padà sí ìdí iná, ó jókòó, ó ń wo bútà méjì. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ọ̀rọ̀ kékeré báyìí, kò sì lè ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó dùn ún wọ egungun. Kò rẹ́ni bú, kò sì rẹ́ni tí yóò bú òun. Ẹnikẹ́ni tó bá kí i, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn" ni wọ́n ń wí, ohùn ọ̀wọ̀, ohùn pẹ̀lẹ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ náà ló fẹ́ pa á.

Ní ọjọ́ sàárà, àwọn èwe kó gbogbo ìtàn bàbá náà jáde: àfonífojì tó ṣí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó gba àdéhùn. Ẹ̀rín sọ. Tákámàtì náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan wá mẹ́nu ba ọ̀nà òkè Adádì, ó ní irọ́ yẹn ló ga jù, ẹ̀rín tún sọ. Tákámàtì ò rín. Ó dìde, ó lọ bá Bísíkà níbi tó dá jókòó sí.

"Bàbá," ó wí, "gbogbo ìtàn bàbá mi ni mo ti fi rẹ́rìn-ín láti kékeré. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ràn wọn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀kan péré, ọ̀kan péré ni mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ wò ó. Ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ ni kí ẹ wá sọ. Ẹ̀yin nìkan ni gbogbo ìlú máa gbà gbọ́."

"Tí mo bá lọ tí mi ò bá nǹkan kan ńkọ́?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. N óò sunkún, n óò sì gbàgbé."

Bísíkà lọ. Gbogbo àwọn tó ti wá ọ̀nà náà, láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wá a, nítorí pé gígùn ni bàbá náà ní òun gùn ún. Bísíkà ní òun yóò wò ó láti òkè. Ó gba ọ̀nà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó ń sinmi, ó ń lọ, orúnkún rẹ̀ ń ké, ó sì sùn lábẹ́ àpáta kan. Lọ́jọ́ kejì, ó dé ṣóńṣó Adádì, níbi tí àpáta yanrìn ti tò lọ ṣọ́ọ́ṣọ́ọ́ bí ìka ọwọ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń fọn láàrin wọn. Ó wá etí òkè náà kiri títí ó fi rí pàlàpálá kan tó ṣókùnkùn nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú. Ó fi ẹsẹ̀ kan tọ́ ọ wò.

Ẹsẹ̀ yẹn ni kò dúró. Bísíkà jókòó lójijì, ó sì ń lọ. Ó fọwọ́ di àpáta mú, àpáta ò ṣeé dì mú. Ó ké pe Ọlọ́run, ó ké pe ìyá rẹ̀, ó ń yọ̀ lọ lórí ìdí rẹ̀ títí tó fi bọ́ sórí pẹpẹ òkúta kan, gbì! Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó rí nǹkan kan tó há sí ojú àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sálúbàtà ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Awọ pupa tó ti gbẹ tó ti le, okùn funfun tí wọ́n fi rán an bí àgbélébùú. Ẹ̀gbọ́n bàbá Bísíkà ló ń rán awọ bẹ́ẹ̀, ìyá Oní-Sálúbàtà-Kan fúnra rẹ̀. Ó rán ti Bísíkà náà rí.

Ó gbójú sókè. Àpáta tó ti yọ̀ bọ̀ ń dán bí inú igbá. Alángbá ò lè gùn ún. Ó wo ìsàlẹ̀: àpáta tó ń dán náà ni, ó yọ̀ lọ títí dé etí omi Tinsálì. Ó fọwọ́ kan ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Ó ti ya yánnayànna.

Ọ̀rọ̀ náà là sí i lójú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú rẹ̀ wá, ó rín, ó rín, omi dà lójú rẹ̀, ó fọwọ́ lu àpáta. "Ìwọ òpùrọ́!" ó ké. "O ò gùn ún! Ìdí lo fi wá! O ṣubú ni! Gbogbo ọdún yìí, o ṣubú ni!" Ó sì yíjú sí apá òsì rẹ̀, níbi tí ẹnì kejì rẹ̀ máa ń wà, kó lè rí bí yóò ṣe ṣojú.

Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Bísíkà ti ṣẹ́gun. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjà tó ti ń jà láti ìgbà èwe, ó ti borí, ẹni tó ń bá jà kò sì sí níbẹ̀ láti gbọ́. Ó di sálúbàtà náà mú. Ó wá ṣe ohun tí a kì í ṣe. Ó la ẹnu, ó pe orúkọ ọkùnrin náà, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó pè é pẹ̀lú gbogbo ohùn tó wà lọ́fun rẹ̀. Àfonífojì gba orúkọ náà, ó ń pè é lọ láti àpáta dé àpáta. Kò pè é láti fi bú u. Wọ́n ní òkú tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ yóò padà wá, Bísíkà sì fẹ́ kó padà wá. Ó jókòó sórí pẹpẹ òkúta náà, ó dúró dè é, títí òjìji fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó dìde, ó dá sálúbàtà náà padà sí ojú àpáta tó ti bá a. Ó bọ́ tirẹ̀ ti ẹsẹ̀ òsì, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n pé méjì. Ó jókòó, ó pe Bísímílà, ó sì jẹ́ kí àpáta máa gbé òun lọ sísàlẹ̀.

Ó wọlé ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ń tiro. Gbogbo wa ti pé sí ìdí iná. Tákámàtì dìde, kò lè béèrè, ó kàn ń wò ó.

"Ọ̀nà wà," ni Bísíkà wí. Ó rọra sọ ọ́, nítorí kò ṣe irú rẹ̀ rí. "Bàbá rẹ gùn ún."

Ọ̀kan nínú àwọn èwe wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, sálúbàtà yín kan dà?"

"Àwọn ará inú àpáta gbà á."

"Ìdí ṣòkòtò yín ńkọ́?"

Bísíkà wo ọmọ náà. Ó fa láwàní rẹ̀ bo ẹnu dáadáa.

"Ibi tí mo jókòó sinmi ni," ó wí.

A gbọ́. Kò sí ẹni tó mọ ìtàn sálúbàtà yẹn nínú wa tí kò dá èsì náà mọ̀. A sì gbà á bí Bísíkà ṣe sọ ọ́, nítorí Bísíkà kì í parọ́. Tákámàtì fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, a ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Mo rò pé méjèèjì ni.

Bísíkà jókòó. Ó gbé bútà tirẹ̀ kúrò lórí iná, ó gbé e sẹ́yìn. Ó gbé bútà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bu ife kan, ó gbé ọwọ́ sókè kí ìfófòó rẹ̀ lè dára, ó sì gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí.

"Gba tíì rẹ, ìwọ òpùrọ́," ó wí.

Láti ọjọ́ náà, bútà kan ní ń bẹ lórí iná yẹn. Bísíkà ní ń bu ú fún gbogbo wa, ife àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa.